Òdòdó Tí Òru Ń Mú Tanná

Bí àwọn Yorùbá bá fẹ́ tu ẹni tí ìyà ń jẹ nínú, wọn a ní bó ti wù kí òru gùn tó, ilẹ̀ yóò mọ́. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà fi òru ṣe ohun tí ènìyàn kàn ń fara dà títí yóò fi kọjá, bí ẹni pé òkùnkùn kò ní iṣẹ́ rere kankan tó ń ṣe fúnra rẹ̀. Ohun ọ̀gbìn kan wà tí kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ bomi rin ín, ẹ wá ilẹ̀dú fún un, ẹ gbé e síbi tí iná ti ń tàn títí di ọ̀gànjọ́. Yóò máa dàgbà, yóò máa tutù yọ̀yọ̀, ṣùgbọ́n kò ní tanná. Òru gígùn ló ń wá. Ìgbà tó bá rí i ni yóò rudi.

Kákítọ́ọ̀sì Kérésì ni àwọn òyìnbó ń pè é, nítorí pé ìgbà Kérésì ló sábà máa ń tanná lọ́dọ̀ wọn. Schlumbergera ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn. Ẹni tó bá gbọ́ kákítọ́ọ̀sì yóò rò pé nǹkan ẹlẹ́gùn-ún inú aṣálẹ̀ ni, tàbí kí ọkàn rẹ̀ lọ sí igi oró tí wọ́n ń gbìn sí etí ọgbà nílé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Igi oró, tí omi ara rẹ̀ funfun bí wàrà, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni, ìdílé mìíràn pátápátá ló sì ti wá. Ìrísí nìkan ló mú wọn jọra. Ní ti kákítọ́ọ̀sì, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni orírun gbogbo wọn, àfi irú kan ṣoṣo, Rhipsalis baccifera, tó tún ń hù fúnra rẹ̀ lórí igi nínú igbó Áfíríkà. Kákítọ́ọ̀sì Kérésì jẹ́ ìbátan irú kan yẹn tímọ́tímọ́.

Orí igi ni òun náà ń gbé. Nínú igbó orí òkè tó wà lẹ́yìn ìlú Rio de Janeiro, ní gúúsù ìlà-oòrùn Bràsíl, ó máa ń rọ̀ mọ́ ẹ̀ka igi àti pàlàpálá àpáta, níbi tí kùrukùru àti òjò ti ń mú ara rẹ̀ tutù. Kì í fa oje igi tó gbé e bí àfòmọ́ ti ń ṣe. Àyè ìjókòó nìkan ló ń tọrọ. Ewé jíjẹrà tó bá kó jọ sí ìdí rẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò ní ewé. Ohun tí ojú ń rí bí ewé, igi ara rẹ̀ gan-an ni, tó pẹlẹbẹ, tó so mọ́ra ní oríkèé oríkèé bí ẹ̀wọ̀n. Ní ṣóńṣó oríkèé tó kẹ́yìn ni òdòdó ti ń yọ, ó gùn tó ìka ọwọ́, ó lè pupa, ó lè jẹ́ àwọ̀ àlùkò, ó sì lè funfun. Nínú igbó ibẹ̀, ẹyẹ akùnyùnmù ló ń fi ẹnu tín-ín-rín rẹ̀ fa omi dídùn inú òdòdó náà, tó sì ń gbé lẹ́búlẹ́bú akọ láti ara ọ̀kan lọ sára èkejì.

Ìyá kan wà ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ bíbí Ìjẹ̀bú, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Kò fi ìgbà kankan ronú pé òun yóò di olùgbìn òdòdó. Aládùúgbò rẹ̀ ló kó o sí i. Obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan ni, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tó fẹ́ kó lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Nígbà tó ń pín ẹrù rẹ̀, ó gbé ìkòkò amọ̀ kan fún ìyá yìí, kákítọ́ọ̀sì kún inú rẹ̀, ó sì wọ́ sílẹ̀ yíká ìkòkò náà. Ó ní ìyá tó bí òun ló gé e fún òun nígbà tí òun ń lọ sílé ọkọ. Oṣù Ọ̀pẹ ni. Òdòdó bo ó lórí dé ìdí.

Lọ́dún kejì, kò yọ òdòdó kan. Lọ́dún kẹta, bákan náà. Ìyá yìí sì ń tọ́jú rẹ̀ gidigidi. Pálọ̀ ló gbé e sí, ibi tó dára jù nínú ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ amúlégbóná, níbi tí iná àti tẹlifíṣọ̀n kì í ti í kú títí di aago méjìlá òru. Ọdún púpọ̀ ló fi ṣiṣẹ́ alẹ́ nílé ìwòsàn kí ó tó fẹ̀yìn tì. Lójú tirẹ̀, òru ni àkókò tí ènìyàn kò gbọdọ̀ jẹ́ kí iná kú lórí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Ọ̀nà tó mọ̀ láti ṣe ìtọ́jú ló ń gbà ṣe é.

Ọjọ́ kan tó lọ kí aládùúgbò rẹ̀ ní ilé ìtọ́jú ló sọ̀rọ̀ náà fún un. Arúgbó náà bi í pé, “Níbo lo gbé e sí?” Ó ní pálọ̀ ni. Arúgbó náà rẹ́rìn-ín. Ó ní yàrá ẹ̀yìn tí ẹnikẹ́ni kì í wọ̀ lálẹ́, tí kò sì sí ẹ̀rọ amúlégbóná níbẹ̀, ni òun máa ń gbé e lọ láti ìgbà tí ewé igi bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ dànù níta. Òun kò mọ ìdí rẹ̀. Bí ìyá òun ti ń ṣe é nìyẹn.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Irú ohun ọ̀gbìn yìí máa ń ka wákàtí òkùnkùn. Bí òru bá gùn tó wákàtí 13 tàbí 14, tí ó sì rí bẹ́ẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 láìdáwọ́ dúró, ara rẹ̀ yóò yí padà láti inú híhù sí rírudi. Bí ẹnìkan bá ń tan iná sí i láàárín òru, bí ó tilẹ̀ jẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ìṣirò náà lè dàrú. Ooru pẹ̀lú ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Láàárín ìwọ̀n 15 sí 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló tẹ́ ẹ lọ́rùn jù. Bí ó bá kọjá 24, ó ṣòro kí ó tó rudi, bí òru tilẹ̀ gùn. Bí ibi tó wà bá sì tutù díẹ̀ ju ìyẹn lọ, tó sún mọ́ 10, ó lè rudi láìwo ti òru rárá. Ní Lọ́ńdọ̀nù, òru máa ń kọjá wákàtí 12 ní ìparí oṣù kẹsàn-án, ó sì máa ń súnmọ́ 14 kí oṣù kẹwàá tó parí. Ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn yàrá tútù kan mọ́ ọn láti ìgbà náà, tí kò tan iná sí i, ti ṣe gbogbo iṣẹ́ tó yẹ. Lẹ́yìn tó bá ti rudi, kí ó má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ pátápátá, kí ó má sì máa gbé e kiri, nítorí ìrudi a máa rẹ̀ bí a bá dà á láàmú.

Ìyẹn ló fà á tí orúkọ tí wọ́n fún un ní ìlú rẹ̀ fi yàtọ̀ sí ti òyìnbó. Ní Bràsíl, òdòdó oṣù karùn-ún ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ìgbà náà ni òru ń gùn sí i ní apá ìsàlẹ̀ ayé. Kò mọ Kérésì, kò sì mọ oṣù Èbìbí. Iye wákàtí òkùnkùn nìkan ló mọ̀, ibikíbi tí wọ́n bá sì gbé e dé, ìwọ̀nyẹn ló fi ń mọ ìgbà.

Lọ́dún yẹn, ìyá yìí gbé e lọ sí yàrá kékeré ẹ̀yìn. Ní ìparí oṣù kọkànlá, ó rí àmì pupa bí orí abẹ́rẹ́ ní ṣóńṣó oríkèé mẹ́rìnlá. Ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

Irú èyí tí ìyá yìí gbà lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀, ọmọ àdàpọ̀ ni, kò sì sí irú rẹ̀ nínú igbó. Àwọn òbí rẹ̀ méjèèjì, Schlumbergera truncata àti Schlumbergera russelliana, orí òkè Bràsíl kan náà ni wọ́n ti wá. Èkínní ti wà lọ́wọ́ àwọn olùgbìn ní ilẹ̀ Yúróòpù nígbà tó fi máa di ọdún 1818. George Gardner, ọmọ ilẹ̀ Scotland, rí èkejì lórí òkè tí wọ́n ń pè ní Serra dos Órgãos ní ọdún 1837. Ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1839. Ọ̀gbẹ́ni W. Buckley, tó ń ṣiṣẹ́ ní oko ọ̀gbìn Rollisson ní Tooting, ló mú àwọn méjèèjì pọ̀, àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ nípa ọmọ wọn sì jẹ́ ti ọdún 1852. Tooting wà ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Bọ́ọ̀sì ni ìyá yìí máa ń wọ̀ kọjá níbẹ̀ kí ó tó mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n bí ohun tó wà nínú yàrá ẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹ wo bí orúkọ ti rí. Lemaire, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi Schlumbergera sọrí Frédéric Schlumberger, ará ìlú rẹ̀ kan tó ń kó kákítọ́ọ̀sì jọ. Wọ́n fi russelliana sọrí ìdílé Russell, ìdílé Ọlọ́lá Bedford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n fi buckleyi sọrí Buckley. Àwọn tó ń gbé ìsàlẹ̀ òkè náà, tí wọ́n ti ń rí òdòdó yìí lórí igi láti ìrandíran, kò sí orúkọ ọ̀kan nínú wọn lára rẹ̀. Ní ìgbà tí Gardner ń gun òkè yẹn, oko ẹrú ṣì ń lọ ní Bràsíl. Ọdún 1888 ni wọ́n tó fòpin sí i, àwọn ọmọ Yorùbá sì wà lára àwọn tí ó kó sínú àjàgà náà. Òdòdó ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sínú ilé onígíláàsì àwọn ọlọ́lá, ènìyàn ń wọ ọkọ̀ ojú omi bọ̀ wá sínú oko. Ìwé kan náà kò gba orúkọ àwọn méjèèjì.

Ohun mìíràn wà nínú ìtàn náà tó ká ìyá yìí lára ju ti orúkọ lọ. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1860, oríṣiríṣi ọmọ àdàpọ̀ ló ti wà lórí àtẹ. Lẹ́yìn náà, ojú àwọn ènìyàn kúrò lára wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ọ̀pọ̀ nínú wọn parun pátápátá. Ọmọ àdàpọ̀ kò dà bí igi inú igbó tí irúgbìn rẹ̀ ń mú irú rẹ̀ jáde. Bí ẹ bá gbin hóró inú èso rẹ̀, ohun mìíràn ni yóò hù. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí irú ọ̀kan gan-an fi lè wà títí ni kí ẹnìkan gé oríkèé rẹ̀, kí ó gbìn ín, kí ẹlòmíràn sì tún gé e lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá gé e fún ọmọ tó ń lọ sílé ọkọ, ọmọ gbé e fún aládùúgbò. Ọjọ́ tí ọwọ́ kan bá kọ̀ láti nà án, ibẹ̀ ló parí sí.

Nígbà tó pé ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ìyá yìí pinnu láti bí tirẹ̀. Ó ti mọ̀ nígbà náà pé lẹ́búlẹ́bú òdòdó kan kì í sọ òdòdó ara rẹ̀ di èso. Bí ènìyàn bá gé oríkèé láti ara ọ̀kan, tó gbìn ín sínú ogún ìkòkò, ẹnìkan náà ni gbogbo wọn. Wọn kò lè fẹ́ra. Ó ra truncata aláwọ̀ funfun kan lọ́jà. Ẹnìkan tó fẹ́ràn irú wọn sì fún un ní oríkèé mẹ́ta láti ara ọ̀kan tí òdòdó rẹ̀ fẹ̀ gan-an, ọmọ truncata àti orssichiana. Orssichiana jẹ́ irú kan tí àwọn onímọ̀ kò tí ì mọ̀ rárá kí àwọn ọdún 1970 tó dé. Ọdún 1978 ni wọ́n tó ṣàpèjúwe rẹ̀ sínú ìwé.

Iṣẹ́ náà kò ju ti ìṣẹ́jú kan lọ. Ó já akọ òdòdó ńlá náà, ó fi lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ ra orí abo òdòdó funfun, ó so òwú pupa mọ́ ọrùn rẹ̀, ó sì kọ ọjọ́ sínú ìwé. Dídúró ló wá kù. Òdòdó rọ, ìdí rẹ̀ wú, ó di èso kékeré kan tó dán. Èso náà wà lórí rẹ̀ fún bí ọdún kan gbáko kí ó tó rọ̀. Nígbà tó fọ inú rẹ̀, ó rí hóró dúdú wẹ́wẹ́ bí iyẹ̀pẹ̀. Ó fọ̀ wọ́n, ó sá wọn, ó gbìn wọ́n sínú abọ́ oníke, ó sì fi ìdérí bò ó kí ìrì má baà gbẹ. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ̀hù bẹ̀rẹ̀ sí í yọ.

Ọmọ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ náà. “Màmá àgbà, àwọ̀ wo ni yóò jẹ́?”

“Kò sí ẹni tó mọ̀.”

“Ìgbà wo la máa mọ̀?”

“Bí o bá pé ọmọ ọdún méjìlá tàbí mẹ́tàlá.”

Ọmọ náà ń fi ìka ka ọdún tirẹ̀. Màmá rẹ̀ àgbà náà ń ka tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi ìka kà á.

Àwọn tó fi iṣẹ́ yìí jẹun kì í retí irú èyí pẹ̀lú ìkòkò kan. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n ń gbìn, kí ọ̀kan tó yẹ fún ọjà lè jáde. Àwọ̀ yẹ́lò ni wọ́n wá títí kí wọ́n tó rí i. Ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà ni ọ̀kan ti jáde, tí wọ́n ń pè ní ‘Gold Charm’, ó sì dé ọjà ní àwọn ọdún 1980. Krómósómù rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta dípò méjì, nítorí náà àgàn ni. Àwọ̀ yẹ́lò náà pẹ̀lú kò dúró bí ara bá tutù jù: bí ibi tó ti ń rudi bá rẹlẹ̀ sí ìwọ̀n 14 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó lè tanná pẹ̀lú àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹni tó ra òdòdó yẹ́lò, tó rí pupa lọ́dún kejì, yóò rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Wọn kò rẹ́ ẹ jẹ. Fèrèsé rẹ̀ ló tutù.

Mẹ́sàn-án nínú ẹ̀hù ìyá yìí ló yè. Èyí tó kọ́kọ́ tanná, ní ọdún kẹta, jẹ́ àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́, bí irú èyí tó kún ilé ìtajà gbogbo. Èkejì jọ ọ́ bí ìbejì. Ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin, kò sí ìyàtọ̀ kan tó ṣe é tọ́ka sí. Olùgbìn tó mọṣẹ́ ì bá ti dà wọ́n nù, nítorí àyè kò sí. Àyè kò sí lọ́dọ̀ ìyá yìí náà. Fèrèsé yàrá ẹ̀yìn kò gbà ju ìkòkò mẹ́fà lọ. Ṣùgbọ́n ó ṣòro fún ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ gba ọmọ ọlọ́mọ jí láti da ohun tó ń mí nù nítorí pé kò dára jù. Ó ń pín wọn fún àwọn ará ìjọ rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Ó sì ń sọ ti òru fún ẹnikẹ́ni tó bá gbà á.

Ẹ̀keje ló yàtọ̀. Ó fẹ̀ bí ti bàbá rẹ̀, ó funfun bí ti ìyá rẹ̀, etí ewé òdòdó rẹ̀ kàn pọ́n díẹ̀ bí ẹni tí ojú ń tì. Irú òdòdó funfun wọ̀nyí a máa pọ́n sí i bí òtútù bá mú, nítorí náà kò dájú iye tó jẹ́ ti ara rẹ̀ àti iye tó jẹ́ ti yàrá náà. Ìyá yìí sọ ọ́ ní Abíọ́nà. Bràsíl ni ìran rẹ̀ ti wá, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí, ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ kò sì tí ì pa dà délé.

Àbúrò rẹ̀ ní Ìbàdàn rí àwòrán rẹ̀ lórí fóònù. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi mú ọ̀kan bọ̀ bí ẹ bá ń bọ̀ nílé.”

Ó dá a lóhùn pé ohun ọ̀gbìn kì í kàn wọ àpótí kí ó sì wọ bàálù; ìwé ẹ̀rí wà tí ìjọba ń béèrè, kí kòkòrò àti àrùn má baà bá a wọ̀lú. Àti pé, bí ó bá tilẹ̀ dé, ṣé yóò tanná? Òru Ìbàdàn kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá wákàtí méjìlá àti ààbọ̀ láàárín ọdún, ooru ibẹ̀ kò sì jọ ti orí òkè Rio. Ẹni tó bá fẹ́ rí òdòdó rẹ̀ níbẹ̀ ní láti wá ibi tó tutù jù nínú ilé nígbà ọyẹ́, kí ó máa fi páálí dé e láti aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ títí di aago méje òwúrọ̀, lójoojúmọ́, fún oṣù méjì. Àbúrò náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, NEPA yóò bá wa ṣe ti òkùnkùn.”

Igbó tí àwọn òbí Abíọ́nà ti wá ti dínkù gan-an. Oko, ilé àti ọ̀nà ti jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀, àwọn irú kan nínú ìdílé yìí sì wà nínú ewu níbẹ̀. Abíọ́nà kò ní igbó kankan tí yóò pa dà sí. Orí ẹni mẹ́ta ló wà nísinsìnyí: ìkòkò kan lọ́dọ̀ ìyá yìí, ọ̀kan lọ́dọ̀ ọmọbìnrin aládùúgbò tó ti dolóògbé, ọ̀kan lójú fèrèsé ọmọ ọmọ tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Gbogbo Abíọ́nà tó wà láyé nìyẹn.

Ẹ̀yin òǹkàwé tí irú rẹ̀ bá wà nílé yín, tàbí tí ẹ bá rí i lọ́dọ̀ ẹni tó ń dàgbà lọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó di ìgbà tí wọ́n bá ń kó ẹrù sílẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ lọ́ oríkèé méjì tàbí mẹ́ta kúrò lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ojú ibi tí ẹ ti ṣẹ́ ẹ gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú ilẹ̀ tí omi kì í dúró sí. Bí ó bá ti fi gbòǹgbò múlẹ̀, ẹ gbé e fún ọmọdé kan, kí ẹ sì sọ fún un pé nígbà tí òru bá bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, kí ó pa iná, kí ó sì pa ilẹ̀kùn dé.